Ẹṣin Mi Ń Ta Gọ̀ọ́gọ̀ọ́

ÌBÉÈRÈ: Texas ni mo wà. Ẹṣin mi ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹran ìdí rẹ̀ lápá ọ̀tún sì ti joro. Dókítà ẹran ní EPM ni, àrùn tó ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn ẹṣin jẹ́. Ṣé kí n náwó sí i ni, àbí kí n jẹ́ kó sinmi?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Inú ìgbẹ́ ẹranko opossum ló ti ń bọ́ sínú oúnjẹ ẹṣin. Kì í ràn láti ara ẹṣin kan sí òmíràn. Ponazuril, oògùn ọjọ́ 28, lè ṣẹ́gun kòkòrò náà, àmọ́ ibi tó ti bà jẹ́ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn lè má padà bọ̀ sípò tán.

Tó bá ṣì ń dá dìde, tó ń jẹun, èmi á kọ́kọ́ gbìyànjú oògùn. Ẹ máa fi fóònù ya fídíò ìrìn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ojú ìfẹ́ kì í rí i bó bá ń burú sí i. Ẹ má gùn ún rárá; tó bá ṣubú, ẹ̀yin náà dé ilẹ̀ nìyẹn.

Bó bá wá dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, tó ń fi orí gbálẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ àsùnlọ. Èmi ò lè pe ìyẹn ní ìkà.