Ẹ̀kọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Kí Ni Kí A Pe Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀?



Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí omi odò Ògùn kún bo Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá Mile 12, arábìnrin wa kan kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Omi ti gbé ìwé rẹ̀ lọ, kò sì lè ṣe ìdánwò. Ohun tí ó kọ ni pé: “I had an incidence of accident.” Èsì tí wọ́n fún un ni pé kí ó mú ìwé ilé ìwòsàn wá. Wọ́n rò pé ọkọ̀ ni ó kọlù ú! Kò purọ́ o, ọ̀rọ̀ ni ó ṣì mú. Àwọn àgbà sì ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a fi ohun tí a mọ̀ ní agbègbè wa ṣe àpẹẹrẹ.

1. “Event” àti “occasion”. “Event” ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó tóbi tó ohun tí à ń rántí, tàbí èyí tí a ṣètò sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 12 sí CMS. A lè sọ pé: “The launch of the BRT was a big event.” Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ nípa ọjọ́ ayọ̀ bíi wòlímọ̀ Alukuráánì tàbí ìsọmọlórúkọ, “occasion” ni ó dùn ún gbọ́ jù.

2. “Occurrence”. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni, kò ní ìyìn, kò ní èébú. Ta ni kò mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Kétu? “Hold-up at Ketu is a common occurrence.” Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà rẹ̀: “c” méjì, “r” méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pàdánù máàkì níbẹ̀.

3. “Incident”. Èyí ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó dá ìgbòkègbodò ojoojúmọ́ dúró, pàápàá ìjà tàbí rògbòdìyàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, ẹ̀mí ṣòfò, Gómìnà Akinwunmi Ambode sì pàṣẹ pé kí a ti ọjà náà pa. Ọlọ́pàá àti oníròyìn fẹ́ràn “incident” nítorí pé kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bá ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kú kẹ́dùn, ẹ má ṣe lò ó. “Tragedy” ni kí ẹ pè é. Ní ti “incidence”, iye ìgbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ni ó ń sọ: “The incidence of malaria is high in the rainy season.”

4. “Disaster” àti “mishap”. “Disaster” ni àjálù ńlá tí ó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òun ni ó yẹ kí arábìnrin wa lò: “Our house was affected by the flood disaster at Ajegunle.” Bí aburú náà bá kéré, bí ìgbà tí ata dànù lórí igbá, “mishap” ni.

5. “Accident”. Èyí ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò, yálà ti ọkọ̀ ni tàbí òmíràn. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wa wà, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé bí a bá ti pe nǹkan ní “accident”, kò sí ẹni tí yóò dáhùn fún un mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, bọ́ǹbù bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn ń sá kíjokíjo, ọ̀pọ̀ sì kú sínú omi kànáàlì Oke-Afa. Àwọn ológun ní “accident” ni. Lóòótọ́, a kò gbọ́ pé ẹnì kan dìídì tan iná sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó kó bọ́ǹbù àtijọ́ pamọ́ sí àárín ìgboro.

Ẹnì kan lè béèrè pé: bí gbogbo nǹkan bá jẹ́ kádàrá Ọlọ́hun, ṣé “accident” tilẹ̀ wà? Ọ̀rọ̀ yìí kò sọ pé Ọlọ́hun kò mọ̀. Èrò ọkàn ènìyàn nìkan ni ó ń sọ. Inú èdè Látìnì ni ó ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan ṣubú. Ní èdè Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ kan náà ni “waqa‘a” fún kí nǹkan ṣubú àti kí ó ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni Súratul Wáqíà, súrà 56, ti gba orúkọ. Àwa Yorùbá náà ní àjálù: ohun tí ó já lù wá. Ohun kan náà ni èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó já luni lè ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́.

Nínú Súratun Nisáì, áàyà 92, ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa mùmíní yóò tú ẹrú sílẹ̀, yóò sì san owó ẹ̀mí fún àwọn ará òkú, àfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Bí kò bá sì rí ẹrú, yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra. Ó ṣèèṣì ni, síbẹ̀ ó dáhùn fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni omi Ajégúnlẹ̀. Òjò ń bẹ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n kọ́ parí ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọdún 1983, ènìyàn ní í ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí ó bá kún, tí omi yóò fi gba odò Ògùn dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, kí ẹ tó pe nǹkan ní “accident”, ẹ bi ara yín léèrè: ta ni ó gbèrò rẹ̀? Ta ni ì bá ti dènà rẹ̀?

Iṣẹ́ ṣíṣe. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ dí àlàfo wọ̀nyí, kí ẹ mú un wá sí ìdí ẹ̀kọ́:
(a) The naming ceremony was a happy ____.
(b) The police are looking into the ____ at the garage.
(d) He broke the plate by ____, but he paid for it.

Ó di oṣù tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Maasalaamọ.