Kápúsù Kì Í Yọ Eyín

Ìwọ tó fi gèlè ìyá rẹ so ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, súnmọ́ ibí. Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ jókòó.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, akokoro mú mi, lọ́dún kan tí iṣu ta dáadáa. Owó wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ilé ìwòsàn kọ́ ni mo lọ. Ọjà Bantè ni mo lọ, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó gbé àwo oògùn lérí. Mo ra kápúsù pupa-òun-òfeefèé mẹ́rin. Mo lo méjì lálẹ́, mo lo méjì láàárọ̀. Ìrora rọlẹ̀, mo padà sóko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí àkàrà nínú epo gbígbóná.

Dókítà eyín tó wá wò mí níkẹyìn là á, ọyún tú jáde, ó sì fa eyín náà yọ. Mo béèrè pé oògùn dà. Ó ní, “Èyí tí mo ṣe tán yìí ni oògùn.” Inú bí mi. Mo rò pé ahun ni ọkùnrin náà.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé mi. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú eyín tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan tó ń mọ ìrora sì wà nínú rẹ̀. Tí kòkòrò bá gbẹ́ ihò débẹ̀, ẹran yẹn á fẹ́ wú, ṣùgbọ́n ògiri eyín ò gbà á láyè. Ìyẹn ló fi ń ta bí akèekèé. Tó bá yá, á kú, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní débẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ni oògùn apakòkòrò bíi kápúsù yẹn ń wọ̀ bí ọkọ̀. Ta ló máa gbé e dé ilé tí ọ̀nà rẹ̀ ti dí? Ìtura tí mo ní lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó má ṣe ti kápúsù rárá: ẹran inú eyín ló kú, tí kò mọ ìrora mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó iṣu sí àká, iṣu tó rà láti inú, ṣé eérú lẹ máa fi kùn ún lára ni, àbí ọ̀bẹ lẹ máa mú?

Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ìlànà jáde lórí èyí. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí wíwú rẹ̀ kò kọjá ojú kan, níbi tí ọwọ́ dókítà bá ti lè tètè tó eyín náà, kí wọ́n tọ́jú eyín. Kí wọ́n má fún un ní apakòkòrò. Paracetamol tàbí ibuprofen ni ti ìrora. Ṣùgbọ́n tí ibà bá dé, tí wíwú bá ń sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn, tí ẹnu ò ṣe é là, tí itọ́ ò ṣe é gbé mì, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, torí ó lè dí ọ̀nà èémí. Ibẹ̀ ni dókítà á kọ amoxicillin, ó sì lè fi metronidazole kún un, síbẹ̀ á ṣì tú ọyún yẹn. (Ẹni tó bá gba metronidazole, kó fi ọtí sódábì sílẹ̀. Mo mọ ẹni tí mò ń bá wí.) Ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀kùn àtọwọ́dá sí ọkàn rẹ̀, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀: wọ́n máa ń fún irú wọn ní apakòkòrò ẹ̀ẹ̀kan péré ṣáájú.

Mi ò ní purọ́ fún yín, àwọn dókítà náà ń ṣẹ̀. Òmíràn mọ̀ pé kápúsù ò wúlò, á ṣì kọ ọ́, torí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, torí aláìsàn á fajú ro. Agbègbè ìlera kan náà ni ìjọba ka Savalou àti Bantè sí, ọ̀nà sì jìn. Ẹ̀rù ń ba dókítà pé ẹni tó wá lónìí lè má padà wá. Àwa la máa ń fipá gba ìwé oògùn yẹn lọ́wọ́ wọn.

Oògùn orí àwo tún burú jù. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba Benin kó ọlọ́pàá lọ sí Adjégounlè, níbi tí wọ́n ti ń ta irú oògùn bẹ́ẹ̀ nígbà náà ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, wọ́n kó ẹrù rẹpẹtẹ. Kápúsù mẹ́rin tèmi yẹn, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ká tiẹ̀ ní ojúlówó ni, kò tó. Alexander Fleming, tó rí apakòkòrò penicillin ní 1928, kìlọ̀ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 pé ẹni tó bá lo oògùn yìí láìtó ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí rẹ̀ ni. Àwọn olùṣèwádìí ṣírò pé ní 2019, kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́ pa ènìyàn tó 1,270,000 káàkiri ayé. Tí a bá fi iye ènìyàn wọ̀n ọ́n, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ló wúwo sí jù.

Ìwọ, ọkọ̀ Savalou ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Tí o bá dé iwájú dókítà, má bi í pé kápúsù dà. Bi í pé, “Kí lẹ fẹ́ ṣe sí eyín yìí lónìí?” Tó bá ní kó o padà wá lọ́jọ́ kẹta, padà lọ, èmi á san owó ọkọ̀. Ní báyìí, kó èyí tó wà lápò rẹ yẹn fún mi.