Láti Mass Effect dé Mass Effect 2: Àgbéyẹ̀wò Ìpinnu àti Àyọrísí Nínú Ìtàn Àròsọ Ajẹmọ́-Sáyẹ́ǹsì

Ìfáárà

Nígbà tí iṣẹ́ kejì bá tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, ìbéèrè tí ó máa ń jẹyọ ni pé: kí ni a ó fi díwọ̀n rẹ̀? Àwọn kan a máa ka ohun tí ó wà nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú èkejì mọ́, wọn a sì ní iṣẹ́ náà ti jó rẹ̀yìn. Èrò tiwa ni pé ohun tí iṣẹ́ kejì fi ogún tí ó jẹ ṣe ni ó yẹ kí a wò.

Mass Effect àti Mass Effect 2 ni a yàn láti fi ṣàlàyé èrò yìí. Ilé-iṣẹ́ BioWare ní ìlú Edmonton, orílẹ̀-èdè Kánádà, ni ó ṣe méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2007, èkejì sì jáde ní oṣù kìíní ọdún 2010. Eré orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n, nínú èyí tí aṣeré ti ń gbé ìwà olú ẹ̀dá-ìtàn wọ̀, tí ó ń yan ọ̀rọ̀ tí ẹ̀dá náà yóò sọ àti ohun tí yóò ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ní àhunpọ̀ ìtàn, ibùdó ìtàn àti ìfìwàwẹ̀dá, lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ lè yẹ̀ wọ́n wò.

Kókó Ìtàn Méjèèjì

Ọdún 2183 ni ìtàn àkọ́kọ́ wáyé. Ọ̀gágun Shepard, tí ó lè jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin gẹ́gẹ́ bí aṣeré bá ti yàn, ń lépa Saren, ẹni tí ó dalẹ̀ àwọn aláṣẹ tí ó fọkàn tán an. Ẹ̀yìn Saren ni a ti rí àwọn Reaper, àwọn ẹ̀rọ abẹ̀mí tí wọ́n máa ń pa gbogbo ẹ̀yà ọlọ́làjú run ní gbogbo 50,000 ọdún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kejì, àwọn ọ̀tá tí à ń pè ní Collector fọ́ ọkọ̀ Shepard túútúú, ọ̀gágun náà sì kú. Ọdún méjì ni ẹgbẹ́ Cerberus fi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó jí i dìde. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kí ó ṣa àwọn akọni jọ, kí ó sì kó wọn lọ sí ibùdó àwọn Collector, ibi tí ó ṣòro kí ènìyàn lọ kí ó bọ̀.

Ohun tí a Yọ Kúrò

Òótọ́ ni pé a gé púpọ̀ kúrò. Mako, ọkọ̀ tí a fi ń rin orí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, kò sí mọ́. Láti inú ọkọ̀ ojú-sánmà ni a ti ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì báyìí, iṣẹ́ náà sì máa ń súni. Ẹrù ìbọn àti ìhámọ́ra tí aṣeré ń kó kiri ti pòórá. Ìpele 60 tí Shepard lè gùn dé ti di 30. Ẹ̀wẹ̀, Saren ní ojú tí a lè kórìíra tàbí kí a káàánú. Àwọn Collector kò ní irú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi èyí ṣe ẹ̀sùn kò purọ́.

Ohun tí ó Jinlẹ̀ Sí i

Àmọ́ ní ti ìfìwàwẹ̀dá, èkejì borí. Alábàárìn mẹ́fà ni Shepard ní tẹ́lẹ̀. Wọ́n di mẹ́wàá, àwọn méjì sì tún kún wọn lẹ́yìn náà. Ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, aṣeré sì gbọ́dọ̀ bá a yanjú ohun tí ó ń dùn ún kí ọkàn rẹ̀ tó lè pa pọ̀ sójú ogun. Ní ìparí, bí a bá rán ẹni tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ lọ ṣí ilẹ̀kùn àwọn ọ̀tá láti inú ihò, yóò kú. Ẹni tí ó bá kú níbẹ̀ kò ní bá wa dé ìtàn kẹta, tí ó jáde ní ọdún 2012.

Ogún Ìpinnu

Ibi tí àfiwé yìí ti kúnjú òṣùwọ̀n jù lọ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yà Krogan. Àwọn ẹ̀yà mìíràn fi àìsàn kan sí wọn lára, tí púpọ̀ nínú oyún wọn fi ń yọrí sí òkú ọmọ. Nínú ìtàn àkọ́kọ́, Saren ní ìwòsàn rẹ̀ lọ́wọ́, Shepard sì fẹ́ pa ibùdó náà run. Wrex, alábàárìn rẹ̀ tí ó jẹ́ Krogan, yarí. A lè fi ọ̀rọ̀ tù ú nínú; bí a kò bá rí i ṣe, a ó pa á.

Ẹni bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kọ̀ǹpútà fi ìpinnu náà pamọ́, èkejì sì gbà á wọlé. Bí Wrex bá yè, òun ni a ó bá tí ń darí ìdílé Urdnot, tí ó ń gbìyànjú láti so àwọn ènìyàn rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá ti kú, Wreav tí ogun nìkan wà lọ́kàn rẹ̀ ni a ó bá nípò. Ẹni tí kò bá mú ìtàn àkọ́kọ́ wọlé, òkú ni èkejì ka Wrex sí.

Èkejì kò dúró síbẹ̀. Ó mú Mordin wá, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó wà lára àwọn tí ó sọ àìsàn náà di ọ̀tun nígbà tí ara àwọn Krogan fẹ́ borí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, Maelon, ń wá ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹ̀dá alààyè ṣe ìdánwò títí wọ́n fi ń kú. Aṣeré ni yóò pinnu bóyá kí a tọ́jú ìmọ̀ tí a fi ìkà rí tàbí kí a pa á run. Ohun tí ó jẹ́ ìjà láàárín ọ̀rẹ́ méjì nínú ìtàn àkọ́kọ́ ti di ìbéèrè nípa ẹ̀tọ́ ẹ̀yà kan láti bímọ.

Ìlò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Olùkọ́ lè fi ìbéèrè mẹ́ta yìí tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà: Kí ni iṣẹ́ kejì jogún? Kí ni ó jù sílẹ̀, kí sì ni ó fi rọ́pò rẹ̀? Ìbéèrè wo ni ó bi ohun tí ó jogún? Wọ́n wúlò fún àwọn ìwé wa pẹ̀lú. Igbó Olódùmarè (1949) kò tẹ̀ síwájú láti ibi tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) dúró sí; ìtàn bàbá Àkàrà-ògùn ni ó padà lọ sọ.

Ìgúnlẹ̀

Mass Effect 2 kéré sí ti ìṣáájú bí a bá ka ohun èlò inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mú kí ìpinnu àtijọ́ ní ìwúwo tí kò ní nígbà tí a ṣe é. Ohun tí ó yẹ kí àtẹ̀lé tòótọ́ ṣe fún ìtàn tí ó bí i nìyẹn.