Sí Ọmọ Ìrẹsà Tó Ń Lọ Kàwé ní Japan

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ìjọba Japan ti fún ọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Inú mi dùn gan-an.

Wákàtí 8 ni ilẹ̀ ibẹ̀ fi ṣíwájú tiwa. Bí o bá jáde ní kíláàsì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ní Ìrẹsà-Adú. Ìgbà yẹn ni kí o pe ìyá rẹ, kó tó lọ sóko.

Ọkọ̀ ojú irin wọn kì í dúró de èrò, tètè máa jáde. Má sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú rẹ̀. Bí o bá wọlé onílé, bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu ọ̀nà, kí o kọ imú rẹ̀ síta. Ìkíni wọn kò ní ṣòro fún ọmọ tó mọ ìdọ̀bálẹ̀: títẹríba ti tó.

Wákàtí 28 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣiṣẹ́, ìyẹn tó bá ti gbàṣẹ. Jọ̀wọ́, má tìtorí owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé kọjá rẹ̀. Ìwé rẹ là ń retí.

Kí o tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, kọ́ hiragana, ọ̀kan lára ọ̀nà ìkọ̀wé èdè Japan. Lẹ́tà 46 ni, bẹ̀rẹ̀ lónìí.