Irin inú omi ọyàn kéré, kí ló dé tó fi ń tó ọmọ?

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa ń fi agolo mílíìkì hàn mí: "Wo èròjà irin tó wà nínú ẹ̀! Ṣé omi ọyàn mi ní tó yìí?" Kò ní in o. Lítà kan omi ọyàn kò ní ju nǹkan bíi 0.35 mílígíráàmù irin lọ. Mílíìkì agolo lè ní tó 12. Àmọ́ iye tí ọmọ gbé mì kọ́ là ń wò, iye tí ìfun rẹ̀ gbà ni. Ìfun ọmọ sì máa ń gba irin omi ọyàn dáadáa ju ti agolo lọ. Ẹ ò rí i pé ó nídìí tí wọ́n fi ń bu irin sínú agolo rẹpẹtẹ?

Látinú oyún, pàápàá oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ni ọmọ ti ń kó irin pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Òun ló ń ná fún bí oṣù mẹ́fà. (Ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé kì í rí tó kó; ẹ bi dókítà.)

Oṣù kẹfà yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó kó pamọ́ ti ń tán, omi ọyàn nìkan ò sì lè dí i mọ́, bẹ́ẹ̀ àìtó irin lè fa ọpọlọ ọmọ sẹ́yìn. Ògì lásán ò ní irin tó. Ẹ lọ ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà tó jinná dáadáa mọ́ oúnjẹ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fún un lọ́yàn lọ.