Ẹ̀kọ́ Kẹfà: Ta Ni Ó Pè Wá Jáde?

Ohun tí a fẹ́ kọ́: Ọ̀nà tí àjèjì ń gbà dá sí ìṣèlú orílẹ̀-èdè mìíràn, àti bí àìbìkítà àwọn ọmọ onílé ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ọdún 2016, àwọn ará Amẹ́ríkà kan pé jọ síwájú ilé àpéjọ àwọn Mùsùlùmí kan ní ìlú Houston. Àwọn kan wá láti tako ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Àwọn mìíràn wá láti gbèjà rẹ̀. Wọ́n dúró ní òdìkejì òpópónà, wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn. Ẹni tí ó pè wọ́n kò sí níbẹ̀. Ìwádìí Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà fi hàn lẹ́yìn náà pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ní ìlú St. Petersburg ní orílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, ni ó fi orúkọ èké ṣí ojú ìwé méjì lórí Facebook, tí ó sì pe ìhà méjèèjì jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé àjèjì kọ́ ni ó dá ìjà náà sílẹ̀. Ìfura láàrin ẹlẹ́sìn ti wà kí ó tó dé. Iná tí ó bá nílẹ̀ ni ó fẹ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2020, Facebook pa àwọn ojú ìwé kan rẹ́ tí àwọn ọmọ Gánà àti Nàìjíríà ń bójú tó fún àwọn kan ní Rọ́ṣíà, láti máa bá àwọn ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ nípa ìyàtọ̀ àwọ̀. Àwọn kan nínú wọn kò mọ ẹni tí àwọn ń ṣiṣẹ́ fún.

Níbo ni ògiri tiwa ti lanu? Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, àwọn tí orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ àjọ elétò ìdìbò INEC lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tí wọ́n dìbò jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 25. Lóòótọ́, àìsí ààbò àti ìnira dí àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn jókòó sílé nítorí wọ́n ní ìbò àwọn kò já mọ́ nǹkan. Bí olùdìbò bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára àwọn díẹ̀ tí irọ́ ti mú bínú ṣe ń pọ̀ tó.

Ìjọba tiwa-n-tiwa kò mọ sí ọjọ́ ìdìbò. Ó gbà pé kí a gbọ́ ti ẹnìkejì, kí a sì wo ẹ̀rí, kí a tó pinnu. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ bi ara yín léèrè: Ta ni ó sọ ọ́? Ẹ̀rí wo ni ó mú wá? Ta ni yóò jèrè bí mo bá bínú sí aládùúgbò mi?

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Ìfura wo ni ó wà ní àdúgbò wa tí àjèjì lè lò láti dá wa níjà?
2. Kí ni a lè ṣe láti tún un ṣe kí ìdìbò mìíràn tó dé?