Ajílẹ̀ Nítírójìn Nínú Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

Kò sí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ pé àgbàdo tí ó lalẹ̀ hù lẹ́bàá ààtàn kì í bá ti inú oko dọ́gba. Ewé rẹ̀ a dúdú minimini, igi rẹ̀ a sì tóbi, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbìn ín, ẹnikẹ́ni kò sì ro ìdí rẹ̀. Àwọn baba wa rí èyí, wọ́n sì ń kó ìdọ̀tí ilé àti ìgbẹ́ ẹran sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ wọn. Nítírójìn ni olórí ohun tí ààtàn náà fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Òun ni ọ̀gbìn fi ń kọ́ ewé àti igi ara rẹ̀. Níbi tí kò bá sí, ewé kò lè dúdú.

Ohun ìyanu ni pé nítírójìn pọ̀ ju ohun gbogbo lọ nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí: nínú ọgọ́rùn-ún ìpín afẹ́fẹ́, bí 78 ni í ṣe. Síbẹ̀ ọ̀gbìn kò lè fi ewé rẹ̀ mú un. Ó dà bí ọmọ tí ebi ń pa lẹ́nu ọ̀nà àká tí a tì pa. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà nìkan ni wọ́n rí ọgbọ́n dá sí i nínú àwọn ohun tí a sábà ń gbìn, nítorí àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ń gbé inú kókó ara gbòǹgbò wọn ń bá wọn mú un láti inú afẹ́fẹ́. Ní ti ènìyàn, ọdún 1909 ni Fritz Haber, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi hàn pé a lè so nítírójìn inú afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ háídírójìn kí ó di amóníà. Nígbà tí ó di 1913, Carl Bosch ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ní Oppau. (Ó ṣeni láàánú pé ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe ẹ̀tù nígbà ogun 1914.) Láti ara amóníà yìí ni a ti ń ṣe yúríà, ajílẹ̀ funfun bí iyọ̀ tí a ń rà lọ́jà. Ní 2022 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ń ṣe é ní Lẹ́kí, ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Kí a tó ra ajílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ewé. Bí ebi nítírójìn bá ń pa ọ̀gbìn, ewé ìsàlẹ̀, èyí tí ó ti gbó, ni yóò kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nítorí ọ̀gbìn a máa gba oúnjẹ lẹ́nu ewé àgbà láti fi bọ́ ewé ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ewé orí ni ó kọ́kọ́ pọ́n, tí ti ìsàlẹ̀ sì dúdú, nǹkan mìíràn ni ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bá da yúríà sí i fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Nínú ọgọ́rùn-ún kílò yúríà, 46 jẹ́ nítírójìn. Ó le, kékeré ni a sì ń lò. Fún ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì gùn ní mítà mẹ́ta, bí gíráàmù 30 tó, èyíinì ni bí ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tí a rẹ́ lórí. A ó fi ìdajì sí i nígbà tí ẹ̀fọ́ bá lo ọ̀sẹ̀ méjì, a ó sì fi ìdajì kejì sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ewé ni a ń wá lára tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, nítorí náà nítírójìn yẹ wọ́n gan-an. Èso ni a ń wá lára tòmátì, ata àti ìkàn. Bí a bá rọ nítírójìn yó wọn, wọn yóò sanra, wọn yóò yọ ewé yàgàyàgà, ṣùgbọ́n òdòdó yóò pẹ́, èso yóò sì ṣọ̀wọ́n. Mo ti rí ọgbà tòmátì tí gbogbo ará àdúgbò ń yìn, tí onílé sì ń ra tòmátì lọ́jà.

Ọ̀nà tí a ń gbà fi í sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ẹ má ṣe bù ú lé ìdí igi tàbí orí ewé. Bí iyọ̀ ti í fa omi ara ẹran jáde ni ajílẹ̀ tí ó pọ̀ jù ṣe ń fa omi gbòǹgbò, ewé a sì gbẹ létí bí ẹni pé iná jó o. Ẹ la poro tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ ìlà ẹ̀fọ́, ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ sí igi, ẹ wọ́n ajílẹ̀ sí i, ẹ fi erùpẹ̀ bò ó, kí ẹ sì bomi rin ín. Yúríà tí a fi sílẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ yóò di amóníà, yóò sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Òórùn tí ń ta ni nímú nílé ìtọ̀ ni òórùn rẹ̀. Eérú a máa mú kí èyí yára, nítorí náà kí ẹ má ṣe pò ó mọ́ yúríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eérú dára fún ọgbà ní àkókò tirẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ ní nítírójìn púpọ̀, ó sì ń tún ilẹ̀ ṣe ju yúríà lọ. Ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ a máa jó ọ̀gbìn. Ẹ jẹ́ kí ó jẹrà dáadáa.

Bí òjò ńlá bá ṣú, ẹ dúró. Ohun tí ọ̀gbìn kò bá tí ì mu ni òjò yóò fọ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ, ó sì lè dé inú kànga. Omi bẹ́ẹ̀ kì í yí àwọ̀ padà, kò sì ní òórùn, ṣùgbọ́n ó léwu fún ọmọ ọwọ́ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, nítorí ó ń dí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, ètè ọmọ a sì di àwọ̀ aró. Ẹ jẹ́ kí ebè tí ẹ ń fi ajílẹ̀ sí jìnnà sí kànga, kí ẹ sì sọ fún àwọn ìyá yín pé sísè kò lè mú májèlé yìí kúrò nínú omi. Bí omi ti ń fà lórí iná ni èyí tí ó kù ń le sí i.